Ọdún ẹyẹ létí dáàmù Ọbà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwa Yorùbá kì í wo ẹyẹ, ẹ má gbà. Ta ló mọ̀ pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun, bí kì í bá ṣe ẹni tó fara balẹ̀ wò wọ́n? Ìyẹn ló jẹ́ kí n bá àwọn ọ̀rẹ́ mi wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù Ọ̀wàrà, ká lè ṣe ọjọ́ àwọn ẹyẹ arìnrìnàjò létí dáàmù Ọbà.

Ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọjọ́ náà lágbàáyé, ní Kẹ́ńyà. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wáyé lọ́dún: Sátidé kejì oṣù Èbìbí àti Sátidé kejì oṣù Ọ̀wàrà, torí àkókò yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ ń ṣí lọ tàbí tí wọ́n ń ṣí bọ̀. Bí òtútù bá ti ń wọlé dé sí Yúróòpù, tí kòkòrò sì ń wọ́n, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ á gbéra, á fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, á wá bá wa níbí. Ní abúlé Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń sùn pọ̀ sínú koríko orí òkè ju mílíọ̀nù kan lọ.

Torí omi ẹ̀rọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ṣe sé odò Ọbà. Àmọ́ ibi tí omi bá dúró sí, tí ẹja sì wà, ẹyẹ á débẹ̀. Bàbá apẹja kan la bá tó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹja lẹ wá rà?"

"Rárá, sà. Ẹyẹ la wá wò."

Kò yà wọ́n lẹ́nu rárá. Wọ́n nàka sí ẹyẹ dúdú òun funfun kan tó ń ju apá lófuurufú lójú kan náà. "Òun ni mo máa ń wò kí n tó da àwọ̀n. Ibi tó bá ti dúró bẹ́ẹ̀, ẹja kéékèèké wà lábẹ́ ẹ̀." Kí wọ́n tó sọ tán, ó ti já ṣòòrò wọnú omi.

Ibi tí òṣíbàtà ti bo omi ni mo pẹ́ sí jù. Ẹyẹ kan, ara rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ń rìn lórí ewé, ewé ò sì rì. Mo gbé awò tá a fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú: ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, ó yà wọ́n síra, ìwúwo rẹ̀ wá pín sórí ewé. Akọ wọn ló ń sàba, òun náà ló ń tọ́mọ. Bí ewu bá dé, á kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, á gbé wọn sá lọ, ẹsẹ̀ wọn á máa rọ̀ dirodiro nísàlẹ̀.

Nígbà tá a jókòó lábẹ́ igi, mo sọ ìtàn Rutland Water fáwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni adágún yẹn wà, torí omi mímu ni wọ́n sì ṣe ṣe é, bíi ti Ọbà. Ní 1989, Tim Appleton àti Martin Davies dá ọjà àwọn tó ń wo ẹyẹ sílẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lóṣù Ògún. Kí àrùn kòrónà tó dá a dúró ní 2020, owó tí wọ́n rí níbẹ̀ fún ìtọ́jú ẹyẹ kárí ayé ti ju mílíọ̀nù márùn-ún pọ́ùn lọ. Appleton tún gbé òmíràn dìde ní 2022. Ní 1996, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ osprey, àwòdì tó ń jẹ ẹja, wá síbẹ̀ láti Scotland. Ní 2001, àwọn àwòdì náà yé ẹyin, wọ́n sì pamọ níbẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni àwọn àwòdì yìí ń wá sá òtútù sí.

Ìtàn tó wù mí jùyẹn lọ ni ti Amẹ́ríkà, torí kò ná wọn lówó. Àṣà wọn tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n máa yìnbọn pa ẹyẹ nígbà Kérésìmesì. Ní 1900, Frank Chapman, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ní kí wọ́n kà wọ́n dípò kí wọ́n pa wọ́n. Èèyàn 27 péré ló kà á lọ́dún yẹn. Títí dòní ni wọ́n ń kà á.

Àwọn ọmọdékùnrin mélòó kan wà nítòsí, rọ́bà ìtafà ẹyẹ wà lọ́rùn wọn. A fún wọn ní ìwé àti bírò, a ní kí wọ́n bá wa kà. Ojú wọn yá ju tiwa lọ fíìfíì! Ẹyẹ tó sá sínú koríko, àwọn ló ń fi hàn wá. Bí agbo lékeléke sì ti fò kọjá, gbogbo wọn ju bírò sílẹ̀, wọ́n ń ju èékánná sókè kí ó lè fún wọn ní funfun. Mo bá wọn jù ú.

Láti 1967 ni wọ́n ti ń ka ẹyẹ omi káàkiri ayé nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. A ti fẹnu kò pé a óò ka ti Ọbà náà. Bàbá ní àwọn á gbé ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀ fún wa, àwọn ọmọ náà sì ní àwọn ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ láti Ọ̀yọ́, aago márùn-ún ìdájí la óò gbéra. Kí ó mú omi mímu àti fìlà dání.