Ẹ̀wù Bàtà fún Kẹ̀kẹ́: Ọ̀nà Mẹ́ta Tí Omi Ń Gbà Wọlé

Òjò Lọ́ńdọ̀nù kò tó ti Èkó rárá. Nǹkan bí 600 mílímítà ló ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún; ti Èkó máa ń kọjá 1,500. Àmọ́ òjò Èkó á dà wìì, á dá, oòrùn á yọ, aṣọ á sì gbẹ síni lára. Ti Lọ́ńdọ̀nù láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, wínníwínní lá máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, nínú òtútù tó sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 5 sí 8 Celsius, atẹ́gùn tí eré kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ á sì máa fẹ́ lu ẹsẹ̀. Bàtà tó bá rin gbingbin lójú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ á mọ́ bá a ní tútù.

Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti Peckham, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ síbi iṣẹ́, tàbí ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri títí di òru, ṣe nílò ohun tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní overshoe: aṣọ tí à ń fà bo bàtà látòkè, tó ní ihò lábẹ́ níbi tí bàtà ti ń di pẹ́dàlì mú. Ẹ̀wù bàtà ni mo ń pè é.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò tí wọ́n bá fẹ́ rà á ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára páálí pé omi ò lè wọ̀ ọ́. Irọ́ kọ́ o, omi ò kúkú gba ara aṣọ yẹn wọlé. Ọrùn ẹsẹ̀ ló ń gbà, ihò abẹ́ ló ń gbà, ojú rírán ló ń gbà. Ibi mẹ́ta yìí ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Ẹ jẹ́ ká mú ọrùn ẹsẹ̀ ṣáájú. Omi tó bá bà lé itan àti orúnkún ń ṣàn wálẹ̀ lójúgun. Tí ẹ bá ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ẹ̀wù bàtà, ẹ ti la gọ́tà fún omi nìyẹn, inú bàtà tààrà ló ń lọ. Ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe ń kan páànù òrùlé: ti òkè ló ń gun orí ti ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni kó bo ẹnu ẹ̀wù bàtà, kó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ tó ìbú ìka mẹ́rin. Kí ẹnu ẹ̀wù náà ga ju kókósẹ̀ lọ tó sẹ̀ǹtímítà 10, kó sì di ẹsẹ̀ mú: tí sípù bá ti dé òkè, tí ìka ọwọ́ kan ṣì ń wọ ibẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ti fẹ̀ jù. Èyí tó kúrú mọ́ kókósẹ̀ lẹ́wà lóòótọ́, ó sì dáa fún atẹ́gùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti òjò.

Ọ̀rọ̀ wá kan abẹ́. Omi tó ń bọ̀ látòkè ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí táyà iwájú ń gbé láti ojú títì, tó ń fọ́n sẹ́yìn, tó sì jẹ́ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ gan-an ló máa ń bá. Nítorí náà, tí kẹ̀kẹ́ yín ò bá ní mọ́dìgáàdì iwájú, ibẹ̀ ni kí owó kọ́kọ́ lọ. Mọ́dìgáàdì nìkan sì lè má tó, torí ọ̀pọ̀ wọn kúrú nísàlẹ̀. Ẹ gé ike gálọ̀nù ọṣẹ olómi tó ti tán, kí ó fẹ̀ ju táyà lọ díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹ lu ihò méjì sí i, ẹ fi bóòtù kéékèèké àti wáṣà dè é mọ́ ìsàlẹ̀ mọ́dìgáàdì, kí ó sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 kó kan ilẹ̀. Tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gun etí títì ló máa ya. Ike tí à bá gbé jù sínú ìdọ̀tí yìí ń ṣe ju ẹ̀wù bàtà olówó ńlá lọ fún ẹsẹ̀ gbígbẹ.

Ihò tó wà lábẹ́ ẹ̀wù bàtà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń lo cleat, irin tàbí ike pẹlẹbẹ tó ń há bàtà mọ́ pẹ́dàlì. Bàtà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ dí. Bàtà kẹ̀kẹ́ tó pọ̀ jù ló ní ihò atẹ́gùn lábẹ́, àti àlàfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù cleat. Ẹ yọ ohun rírọ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ nínú bàtà, ẹ fi spirit nu ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi téèpù tó nípọn dí gbogbo ihò náà látinú, ipele méjì. Téèpù tí a bá lẹ̀ mọ́ eruku tàbí ọ̀rinrin ò ní pé ọ̀sẹ̀ kan kó tó ṣí. Tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ láti ìta, rírìn á họ ọ́ kúrò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fà á jáde, kí atẹ́gùn lè wọlé.

Ojú rírán ni ìkẹta, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń tàn wá jẹ jù. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà kọjá, ihò ni. Ẹ yí ẹ̀wù bàtà náà síta-sínú níwájú ẹni tó ń tà á: ó yẹ kí ẹ rí téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi iná lẹ̀ mọ́ gbogbo ojú ìrán, tàbí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fà tẹ̀lé e. Tó bá jẹ́ òwú lásán lẹ rí, ẹ dá a padà sórí igbá. Nílé, ẹ ki iná tọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ṣín-ín-ṣín-ín, omi á gba ibẹ̀. Sípù ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ló dáa jù, kí aṣọ kan sì wà lẹ́yìn eyín rẹ̀ nínú. Sípù tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ inú máa ń fara gbo apá pẹ́dàlì, kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe é: neoprene ni aṣọ fọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń wẹ̀ nínú òkun tútù ń wọ̀. Èyí tó nípọn tó mílímítà 3 ló bá òtútù tó wà lábẹ́ ìwọ̀n 10 mu. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí omi tilẹ̀ wọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ tó há sínú fọ́ọ̀mù náà kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ dì. Gbígbẹ yàtọ̀, lílọ́wọ́ọ́wọ́ yàtọ̀. Fún ìrìn àjò wákàtí méjì, ẹsẹ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tó sì rin díẹ̀ sàn ju èyí tó gbẹ tó sì ti kú tipiri. Neoprene ò dáa fún ọjọ́ tó móoru, òógùn á kún inú rẹ̀. Tí ojú ọjọ́ bá ti kọjá ìwọ̀n 12, ẹ lọ fún aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi awọ tí ń mí sí láàárín, tí òógùn ń ráyè gbà jáde àmọ́ tí omi ò ráyè gbà wọlé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Gore-Tex. Ọ̀rá tí wọ́n fi ike kùn lẹ́yìn lówó pọ́ọ́kú, ó sì ń dá omi dúró, ṣùgbọ́n kò mí rárá. Fún ogún ìṣẹ́jú dé ibi iṣẹ́, ó tó. Rọ́bà fẹ́lẹ́ tó ń fà bí ìbọ̀wọ́ dókítà ló ń dí omi jù nínú gbogbo wọn, tí ihò abẹ́ bá ṣe wẹ́kú, ṣùgbọ́n kò móoru, èékánná kan ló máa fà á ya, ara àwọn mìíràn ò sì gba rọ́bà.

Ẹni tó ń wọ bàtà lásán lórí pẹ́dàlì pẹlẹbẹ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ó wá èyí tí abẹ́ rẹ̀ dí pátá, tó jẹ́ rọ́bà tó ní ilà, kó má baà yọ̀. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà ilé ogún lóòjọ́ ń rìn ju bó ṣe rò lọ. Ẹ̀wù bàtà onífẹ́lẹ́ ò ní dé oṣù kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Bàtà ni kí ẹ wọ̀ lọ dán an wò, kì í ṣe nọ́ńbà lẹ óò gbé. Nọ́ńbà 43 ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ 45 lọ́dọ̀ èkejì, bàtà kẹ̀kẹ́ orí òkè tó ní eyín lábẹ́ sì ń fẹ́ nọ́ńbà kan sí i. Tó bá fún jù, sípù á ya, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní ráyè dé ọmọ ìka. Ẹni náà á rò pé òjò ló mú òun. Ohun kan náà ni ìbọ̀sẹ̀ méjì tí a fi agbára kì sínú bàtà ń fà. Ìbọ̀sẹ̀ kan tó jẹ́ ti irun àgùntàn ti tó. Òwú lásán ò dáa, torí bó bá ti mu omi, ó di òtútù mọ́ ẹsẹ̀.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́. Tí bàtà bá ti rin tán, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Fún oní-sípù, ẹ wọ bàtà tán, ẹ ki iwájú rẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ fà á gba gìgísẹ̀, ẹ lẹ ìdè abẹ́ mọ́ra, kí ẹ wá fi ọwọ́ kan fún etí méjèèjì sípù pọ̀ kí èkejì tó fà á lọ sókè. Ẹni tó bá ń fa sípù láti fi di àlàfo ló ń fa eyín rẹ̀ ya. Ti rọ́bà fẹ́lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: òun ló ń kọ́kọ́ wọ ẹsẹ̀, ẹ fà á lọ sójúgun, ẹ wọ bàtà, kí ẹ tó wá yí i wálẹ̀ bo iwájú, lẹ́yìn náà gìgísẹ̀, pẹ̀lú inú ìka ọwọ́, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Dúdú kì í tètè fi ìdọ̀tí hàn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń lọ sókè sódò ni awakọ̀ ń tètè rí lóru. Ẹ wá èyí tó ní ìlà tí ń tan iná mọ́tò padà ní gìgísẹ̀.

Nígbà òtútù, wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì, iyọ̀ yìí ló ń jẹ sípù. Omi tútù ni kí ẹ fi ṣàn án bí ẹ bá ti dé, kí ẹ yí i síta-sínú, kí ẹ gbé e kọ́. Ẹ má gbé e lé hítà: gọ́ọ̀mù ojú rírán á yọ́, fọ́ọ̀mù á gan. Bàtà ni kí ẹ ki ìwé ìròyìn sí nínú, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan. Bí neoprene bá ya, gọ́ọ̀mù tirẹ̀ wà ní ọjà àwọn tó ń wẹ̀ nínú òkun: ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí etí méjèèjì, ẹ dúró títí kò fi lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, kí ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀.

Ihò abẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ kú, torí orí rẹ̀ là ń rìn. Tó bá ti fẹ̀ débi pé gìgísẹ̀ ń yọ níta, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ìdajì iwájú rẹ̀ kúrò lódidi, ìbòrí ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìyẹn fún òwúrọ̀ tó tutù tí òjò ò sí.