Ohun tí orin kábárẹ́ẹ̀ Párísì kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ orin kíkọ níléèwé, tí ohùn yín ti ń dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìsí máìkì, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè má dùn mọ́ yín nínú. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orin tí wọ́n ń kọ ní kábárẹ́ẹ̀ Párísì, ìyẹn ilé fàájì tí wọ́n ti ń mutí tí wọ́n sì ń gbọ́ orin, láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, ohùn ńlá tí ẹ fi ń gba àtẹ́wọ́ yẹn gan-an ló máa kọ́kọ́ dí yín lọ́wọ́. Mo ti ṣe kọ́nsáàtì tó jẹ́ kìkì orin àsìkò náà: ti Poulenc, ọmọ Faransé tó ń ṣẹ̀dá orin, ti Kurt Weill, akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Jámánì, àti ti Josephine Baker, akọrin àti oníjó aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilé tí orin náà ti jáde. Le Bœuf sur le Toit, tó ṣílẹ̀kùn ní Párísì ní oṣù kìíní ọdún 1922, ilé ọtí ni. Jean Wiéner àti Clément Doucet ń lu píánò, akéwì Cocteau, Milhaud tó ń ṣẹ̀dá orin, àti Poulenc sì wà lára àwọn tó ń wá ṣe fàájì níbẹ̀. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, tábìlì kan kì í jìnnà sí èkejì, ẹni tó ń mutí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kan ẹni tó ń kọrin. Ta wá ni ẹ fẹ́ pariwo mọ́?

Ẹ gbọ́ bí Lucienne Boyer ṣe kọ "Parlez-moi d'amour", orin Jean Lenoir, ní 1930. Kò gbé ohùn sókè rárá, àfi bíi pé etí ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ ọ́ sí. Àwo orin tí wọ́n fi máìkì àti iná mànàmáná gbà sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1925, ló jẹ́ kí irú ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ríbi gbà. Bí sópránò, obìnrin tó ní ohùn òkè, bá gbé orin yìí lọ sí òkè tó ti mọ́ ọn lára, ohùn á dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kú sínú rẹ̀. Ẹ fa kíì, ìyẹn ìpele ohùn tí orin wà, wálẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Olùkọ́ mìíràn á ní ẹ ti ba orin jẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa wí.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ o. "Les Chemins de l'amour" tí Poulenc kọ fún akọrin Yvonne Printemps nínú eré Jean Anouilh nílò ohùn tó já gaara. Ọdún 1940 ni, ogun ti dé, ẹni tó bá le lórí ọdún á yọ ọ́ kúrò nínú ètò. Èmi ò yọ ọ́.

Èyí tó gba ìgbáradì jù lọ lọ́wọ́ mi ni "Je ne t'aime pas". Júù ni Weill. Ó sá kúrò ní Jámánì ní 1933, ó sì kọ orin yìí ní Párísì lọ́dún tó tẹ̀ lé e fún Lys Gauty, lórí ọ̀rọ̀ Maurice Magre. Obìnrin kan ń sọ fún ọkùnrin pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀, bó sì ṣe ń tún un sọ ni irọ́ náà ń hàn sí i. Níbi tó ti sọ ọ́ kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ akọrin kì í kọ ọ́ lórin mọ́, wọ́n á kàn sọ ọ́ ni. Bí ẹ bá mí kanlẹ̀ bí akọrin ọ́pẹ́rà kí ẹ tó sọ ọ́, èjìká yín á gbéra, àwọn èèyàn á sì ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Èémí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn gbólóhùn tó ṣáájú ni kí ẹ fi sọ ọ́, bó tilẹ̀ kù díẹ̀ kó má tó.

Ní ti "Youkali", orin Weill bákan náà, ìlù táńgò ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń tẹ dùùrù máa ń dúró dè wá tí a bá fa ohùn. Níbí, ẹ bẹ aládùúrù yín kó má dúró. Ẹ̀yin ẹ máa fà, kí ọwọ́ òsì rẹ̀ má wò yín.

Ní ti jáàsì, ẹ má gbàgbé ẹni tó ni ín. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló gbé e dé Párísì. Ọmọ ọdún 19 ni Josephine Baker nígbà tó dé Théâtre des Champs-Élysées ní 1925 pẹ̀lú La Revue Nègre, eré orin àti ijó àwọn aláwọ̀ dúdú, Sidney Bechet, ògbóǹtarìgì olórin jáàsì, sì wà nínú ẹgbẹ́ olórin wọn. Yẹ̀rì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fi jó ní 1926 ni gbogbo ayé rántí. Ta ló rántí pé ní 1934 ó kó ipa olórí nínú "La Créole", eré olórin ti Offenbach? Tí ẹ bá kọ "J'ai deux amours", orin rẹ̀ tó lókìkí, ẹ má fi obìnrin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ìtàgé.

Bí wọ́n bá sì ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kì í bá jáàsì ṣe, ẹ rán wọn létí Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà tó ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Adelaide Hall, akọrin jáàsì aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ti ní ilé orin tirẹ̀ ní Montmartre, àdúgbò kan ní Párísì, kó tó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó sì débẹ̀, Sowande wa yìí ló ń bá a lu orin ní Florida Club.

Máìkì ńkọ́? N kò lò ó fún Poulenc àti Weill. Mo lò ó fún orin Boyer àti Baker, nítorí inú àwo àti rédíò ni irú orin bẹ́ẹ̀ ti gbòòrò. Bí ẹnikẹ́ni bá yín ìmú sí yín, ẹ sọ fún un pé wọ́n fi Jean Sablon, akọrin Faransé, náà ṣe ẹlẹ́yà ní 1936 nígbà tó gbé máìkì jáde ní Párísì, pé kò lóhùn. Kò gbé e sílẹ̀.