Iṣẹ́ abẹ cataract fún ojú tí glaucoma ti bá jà tẹ́lẹ̀

Bó bá jẹ́ cataract nìkan ló wà lójú, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kì í sábà gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lọ: wọ́n á yọ lẹ́ńsì tó ti ṣókùnkùn, wọ́n á fi oníke rọ́pò rẹ̀. Ti ojú tó ní glaucoma, àìsàn tí ìfúnpá inú ojú tó ga sábà ń fà, yàtọ̀. Ohun tí glaucoma bá ti bàjẹ́ lára iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ, kò sí lẹ́ńsì tó lè dá a padà.

Nítorí náà, kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ bi dókítà léèrè: "Kí lẹ rí lẹ́yìn cataract yìí?" Bó bá nípọn tí kò jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀yìn ojú, wọ́n á ṣe scan. Wọ́n á tún tan tọ́ọ̀ṣì lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ sọ ibi tí iná ti ń wá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó má retí púpọ̀. Bí wọ́n bá sì fi lẹ́ńsì olówó gọbọi lọ̀ yín, èyí tí wọ́n ní ó ń ríran ọ̀kánkán tó tún ń kàwé, ojú tí glaucoma ti jẹ kì í sábà jàǹfààní rẹ̀. Èyí tó ń ríran lọ́nà kan ṣoṣo ti tó. Ẹ fi jígí kàwé.

Ẹ má ṣe dá oògùn glaucoma tí ẹ ń kán sójú dúró fúnra yín, ì báà jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ìfúnpá ojú lè ga láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, torí pé èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú oje bíi jẹ́lì tí wọ́n fi sínú ojú nígbà iṣẹ́ abẹ lè dí ọ̀nà tí omi ojú ń gbà jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì. Bí ojú bá ń ro yín gan-an, tí orí ń fọ́, tí èébì ń gbé yín, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́.

Èyí tó ń fara sin ni ti oògùn sitẹ́rọ́ìdì, irú bíi prednisolone. Ó ń mú kí wíwú inú ojú rọlẹ̀, wọ́n sì máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Lára àwọn kan, òun gan-an ló ń gbé ìfúnpá sókè, láìsí ìrora kankan. Bó bá tán, ẹ má lọ ra òmíràn ní kẹ́mísìtì láìbéèrè. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sáàárín oògùn kan sí èkejì, kí ẹ sì fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú díẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ti la ọ̀nà omi sí lójú nítorí glaucoma ní láti mọ̀ pé wíwú tó ń tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ cataract lè dí ọ̀nà náà padà. Ọ̀pọ̀ dókítà ló máa ń fi bí oṣù 6 sáàárín iṣẹ́ méjèèjì.

Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ti lo tamsulosin fún àìsàn prostate rí, kódà bí ẹ ti fi í sílẹ̀: ó ń sọ awọ dúdú inú ojú di jọ́bọ́jọ́bọ́ lábẹ́ abẹ. Ẹ sọ bí nǹkan bá ti gbá ojú náà rí. Ẹ má sì tijú sọ bí ẹnikẹ́ni bá ti fi abẹ́rẹ́ ti cataract yín sẹ́yìn lábúlé. Lẹ́ńsì ọ̀hún ṣì wà nínú ojú níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ òun ló fa ìfúnpá.

Bí ìríran bá ń dínkù tí ojú sì ń pọ́n sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kòkòrò lè ti wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ padà sílé ìwòsàn.