Ẹ gé ọ̀rọ̀ Faransé sí sílébù kí ẹ tó pè é

Lójú tèmi, ẹni tó ń kọ́ èdè Faransé kò gbọdọ̀ la ẹnu pe ọ̀rọ̀ gígùn láì tíì gé e sí sílébù. Bí kọ́ńsónáǹtì kan bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì, fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé e ló ń bá lọ: cha-peau, ca-na-pé. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ẹ pín wọn: mer-ci, par-tir. Àmọ́ ẹ má ya bl, pl, cl, gl, fl, tàbí br, pr, tr, dr, cr, gr, fr, vr: ta-bleau, a-près, é-cran. Ìró kan ṣoṣo ni ch, ph àti gn náà.

Ibi tableau yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í pè. Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra wọn, nítorí náà ahọ́n wa á ti fáwẹ̀lì bọ àárín b àti l, á di “tábúlò”, sílébù méjì á di mẹ́ta. Ẹ pa ètè dé fún b, kí ṣóńṣó ahọ́n sì ti kan ẹ̀yìn eyín òkè fún l kí ẹ tó ṣí ètè. Bí ahọ́n bá pẹ́ débẹ̀, fáwẹ̀lì á yọ́ wọlé.

Ọ̀rọ̀ n àti m ló ta kókó jù. Bí n bá parí sílébù, a kì í pe n fúnra rẹ̀. Fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ ló ń di àránmúpè, bí ọn inú “ìbọn”: bon, mon-ter. Bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀ lé n, n ti bọ́ sí sílébù kejì nìyẹn: in-juste, ṣùgbọ́n i-nu-tile. Bí a bá gé bonne sí sílébù lójú ìwé, bon-ne ló ń dà. Ẹ má fi ìyẹn kọ́ ìpè, nítorí kò sí fáwẹ̀lì àránmúpè nínú bonne rárá.

Yorùbá tún ní ewu tirẹ̀. Fáwẹ̀lì tó bá tẹ̀ lé m tàbí n lẹ́nu wa máa ń gba imú jáde, bí i “mu” àti “nù”. Faransé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ami, ẹ fa i ìparí gùn, kí ẹ sì fi ìka di imú: bí ìró náà bá yí padà, ẹ ṣì ń ránmú.

Láàárín ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, etí lẹ máa fi gé e, kì í ṣe àlàfo ojú ìwé: il a di i-la, les amis di lé-za-mi. Ti h ló yàtọ̀. L'homme ni wọ́n ń kọ, nítorí náà les hommes gba z; le héros ni wọ́n ń kọ, les héros kò sì gba z. Bí ẹ bá fi z sí i, les zéros lẹ pè yẹn. Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá fi h bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́ ọ pọ̀ mọ́ le, la tàbí l' rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.