Ìbọn ọ̀kọ̀ onírókò: ẹnu rẹ̀ ń wo ìsàlẹ̀

Ìbọn ọ̀kọ̀ tí mo fi igi ìrókò gbẹ́, tí mo fẹ́ máa fi pa ẹja lábẹ́ omi, yìn. Tírígà kò há, rọ́bà kò já, ọ̀kọ̀ sì jáde bó ṣe yẹ kó jáde. Wàhálà tó kù ni pé bí mo bá ti nà án síwájú lábẹ́ omi, ẹnu rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra wọ́ lọ sísàlẹ̀, àfi kí n fi ọrùn ọwọ́ gbé e. Nígbà tí a fi máa kúrò ní Mākaha, etíkun kan níbí ní Hawaii, lánàá, ọrùn ọwọ́ mi ti le bí igi. Ẹja tó yẹ kí n máa wò, mi ò rí i wò; ẹnu ìbọn ni mò ń ṣọ́.

Kí n yára ka èyí tó ti parí. Pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lẹ̀ pọ̀. Kòtò tí ọ̀kọ̀ ń sùn sí ti wà. Irin tírígà ti wọlé. Ihò rọ́bà méjèèjì ti dá. Igi ti mu òróró yó. Èèkù ṣì rí gbágungbàgun, ṣùgbọ́n kò dí mi lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo koa, igi àwọn ará Hawaii fúnra wọn: ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ìrókò yìí, mo bá a pàdé ní ilé onípákó kan ní Honolulu, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ló ń ra igi níbẹ̀ jù. Ó fara ti ògiri láàárín tíìkì àti mahogany, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ IROKO gàdàgbà sí i lára. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọmọkùnrin tó ń tajà bi mí bóyá kò sí nǹkan tó ṣe mí. Igi tí wọ́n ń dẹ́rù bà wá pé ká má ṣe kọjá lábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, òun ni mo dè sórí mọ́tò lójú títì H-1. Bí Olúwéré bá bá a wọ ọkọ̀ òkun wá, kò tíì kí mi.

Igi náà dára fún iṣẹ́ omi, kì í tètè jẹrà, kòkòrò kì í sì í rí i jẹ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún òkúta inú rẹ̀. Nǹkan funfun kan máa ń dì sínú ìrókò, ó le bí ẹfun tó ti di àpáta, ẹ ò sì ní rí i títí irin pùlénì yín á fi gba orí rẹ̀ kọjá. Irin pùlénì tèmi ti ní eyín báyìí. Eruku rẹ̀ náà kì í ṣe eruku eré, ó ń fa ikọ́, ó ń yún ara, ẹ bo imú dáadáa. Igi yìí tún ní òróró tirẹ̀ nínú, nítorí náà ẹ fi acetone nu ojú pákó kí ẹ tó da epoxy (àtè líle tí a ń pò) lé e, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá nù ún tán.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ẹnu ìbọn. Ohun tí gbogbo ẹni tó ń gbẹ́ ìbọn onígi ń lé kò ju èyí lọ: tí ọ̀kọ̀ bá wà lórí rẹ̀, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá nínú omi, tí ọ̀kọ̀ bá ti jáde, kó léfòó, kó má baà rì mọ́ ọ lọ́wọ́. Tèmi ń ṣe méjèèjì. Tí mo bá jù ú sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lórí, ó máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ ni. Tí mo bá yọ ọ̀kọ̀, ó máa ń dìde. Àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò burú, ibi tí ìwọ̀n náà kóra jọ sí ló burú.

Mo gbé e lọ sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà ní ilé tí mò ń gbé. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó lọ, torí mi ò fẹ́ kí aládùúgbò kan pe ọlọ́pàá pé ọkùnrin dúdú kan gbé ìbọn wọ omi. Mo so òwú mọ́ ẹnu ìbọn, mo fi òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn àpótí ìrìnàjò gbé òwú náà, mo sì di èèkù mú nínú omi bí ẹni tó fẹ́ yìn ín. Gíráàmù 110 ni òṣùwọ̀n sọ. Omi òkun á gbé e díẹ̀ ju omi ibi ìlúwẹ̀ẹ́ lọ nítorí iyọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó máa gbà mí sílẹ̀. Ẹ lè ní kí ni gíráàmù 110 fẹ́ ṣe. Ẹ fi bọ́tà díẹ̀ kọ́ orí ọ̀pá tó gùn ju mítà kan lọ, kí ẹ fi ọwọ́ kan nà án síwájú, kí ẹ wá sé èémí lé e.

Mo jókòó ti bébà. Ọ̀kọ̀ náà nípọn tó 5/16 ínǹṣì, ìyẹn mìlímítà 8 ó dín fẹ́ẹ́, ó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 150. Lórí ilẹ̀, ó ń lọ sí gíráàmù 590. Òkun á bá mi gbé nǹkan bíi 76 nínú rẹ̀, ó ku bíi 515. Igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè gbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti tírígà dé ẹnu ìbọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 108 lọ. Sẹ̀ǹtímítà 42 ọ̀kọ̀ ló yọ síta, tí kò sí igi kankan lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn nìkan á tó gíráàmù 140 nínú omi, iwájú pátápátá ló sì wà, níbi tó ti lágbára jù láti fa ọwọ́ wálẹ̀.

Àwọn kan ní kí n fi fóòmù wé ẹnu ìbọn. Rárá o. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé fóòmù léfòó, tí ẹ bá sì dé mítà 10, afẹ́fẹ́ ti di ìdajì bó ṣe wà lókè. Ìbọn tó dọ́gba ní mítà 3 á tún wá máa tẹ orí ba ní mítà 12, mi ò fẹ́ ìbọn tó ń yí ìwà padà bí mo ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Igi kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo gé fún un. Igi kédárì fúyẹ́ gan-an: ègé rẹ̀ tó gùn, tó fẹ̀, tó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà kan lè gbé bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta gíráàmù kan nínú omi òkun, ìrókò kò sì lè gbé ju bíi ìdá kan lọ nínú mẹ́ta náà. Mo gé pẹlẹbẹ méjì, ìkọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25, ó fẹ̀ ní 4, ó nípọn ní 1. Méjèèjì á gbé bíi gíráàmù 133. Ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ ọ̀tún ẹnu ìbọn, ìkejì á lẹ̀ mọ́ òsì, epoxy á bò wọ́n. Wọ́n ti wà lórí tábìlì, wọ́n ń dúró de kílámpù tí yóò fún wọn mọ́ ìbọn.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìjáde àná, torí kì í ṣe ọwọ́ ríro nìkan ló wà níbẹ̀. Àwa mẹ́ta la lọ. Ọ̀kan ni Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Àkúrẹ́ tó wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ó lo ìbọn tó rà. Ìkejì ni Àǹkù. Níbí, bí ẹ bá ti dàgbà ju ènìyàn lọ, Uncle tàbí Aunty ni wọ́n á máa pè yín, bóyá wọ́n bá yín tan tàbí wọn ò bá yín tan, ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí erékùṣù yìí mọ́ ọmọ Yorùbá lára. Àǹkù kì í lo ìbọn. Ọ̀pá ẹlẹ́nu mẹ́ta pẹ̀lú rọ́bà ní ìdí rẹ̀ ló ń lò, ó sì máa ń wo ìbọn mi bí ìgbà tí bàbá àgbà ń wo fóònù ọmọọmọ rẹ̀.

A gbé àsíá pupa onílà funfun, àmì òmùwẹ̀, sórí bọ́ọ̀yì tó léfòó, a sì ń gbà á ṣe fún ara wa: ọ̀kan lọ sísàlẹ̀, ọ̀kan dúró lókè tó ń wò ó. Ẹni tó bá ti yọrí, a ò ní mú ojú kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi mí kanlẹ̀ dáadáa, torí òkè omi gan-an, nígbà tó o bá rò pé o ti bọ́, ni ojú ti máa ń ṣú òmùwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn láti máa mí gúlegúle kó tó mòòkùn. Àǹkù ní kó jáwọ́. Mímí gúlegúle kì í fi kún afẹ́fẹ́ tó wúlò nínú ara lọ títí, ńṣe ló ń kó afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí kúrò, èyí tó yẹ kó kìlọ̀ fún ọ pé ó ti tó àkókò láti gòkè. Ẹni tí ìkìlọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á sùn lọ sínú omi. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ràn.

Òun náà ló pa roi méjì tó tóbi. Ẹja yẹn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, ìjọba ló kó o wá láti ilẹ̀ Faransé ti Polynesia ní ọdún 1956 pé kí àwọn apẹja rí nǹkan mú, ó sì wá di ẹni tó ń jẹ ọmọ àwọn ẹja ìbílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ata. Àǹkù mi orí. Roi máa ń ní májèlé ciguatera, tó ń ti inú ohun kékeré orí iyùn gba ara ẹja kan bọ́ sára òmíràn. Iná kò pa á, yìnyín kò pa á. Ẹ̀gbọ́n bi í bóyá rodo pẹ̀lú kò lè pa á. Kò lè pa á. Ẹja méjèèjì di ajílẹ̀ lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àǹkù.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé rèé tí Ẹ̀gbọ́n fi pè. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ lẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ìbọn lálẹ́ yìí. Ó ní, "Àbúrò, ìbọn yẹn á wá máa yí bí ilẹ̀kùn o. Ṣé o ti wọn ọ̀kọ̀ tèmi?" Mo ní, "Ẹ má bínú sà, mi ò tíì wọ̀n ọ́n." Òótọ́ sì ni, bí ẹnu ìbọn bá fẹ̀, omi á máa dì í mú nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí i láti ọ̀tún sí òsì tẹ̀ lé ẹja. Mo tún jókòó ti bébà.

Ọ̀kọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 9/32 ínǹṣì, ó tín-ín-rín ju tèmi lọ, ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 140. Nínú omi òkun, á wúwo tó bíi gíráàmù 383. Èyí tó máa yọ síta kò ju sẹ̀ǹtímítà 32 lọ. Tí mo bá sọ gbogbo rẹ̀ di agbára tó ń fa ẹnu ìbọn wálẹ̀, ohun tó dín kù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ohun tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kédárì méjèèjì ì bá gbé, láìfi ohunkóhun kún ìbọn. Mo wakọ̀ lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí rẹ̀ wọ irin tírígà mi bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo padà sínú ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Òṣùwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan. Ìbọn sùn nínú omi gbọọrọ.

Nítorí náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò sí mọ́. Kédárì á di nǹkan míì.

Ohun méjì ló wá yọjú dípò rẹ̀. Èkíní rọrùn: ọ̀kọ̀ ti fúyẹ́, ìbọn lápapọ̀ ti fẹ́ máa léfòó pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lórí, ó fẹ́ bíi gíráàmù 140 òjé. Ìdí èèkù ni màá rì í sí, torí níbẹ̀ kò lè fa ẹnu ìbọn sókè tàbí sísàlẹ̀. Èkejì ló ń dùn mí. Kòtò tí mo gbẹ́, 5/16 ni mo gbẹ́ ẹ fún. Ọ̀kọ̀ tín-ín-rín ń ṣeré nínú rẹ̀, ó ń fara ti ọ̀tún ní gbogbo ìgbà. Mo lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹja tó wà ní mítà 3 kò ní mọ̀. Tàbí kí n fi epoxy àti ìyẹ̀fun graphite (ohun dúdú inú pẹ́ńsù) di kòtò náà, kí n fi router, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ kòtò sínú igi, là á lákọ̀tun, kí ọ̀kọ̀ lè máa yọ̀ lórí rẹ̀. Èkejì yìí ni ọkàn mi ń lọ sí.

Rọ́bà náà á yí padà. Mìlímítà 16 ni méjì tó wà lórí rẹ̀ báyìí, wọ́n ti le jù fún ọ̀kọ̀ yìí. Á máa jà bí ẹgba nígbà tó bá jáde, kò sì ní lọ síbi tí mo na ẹnu ìbọn sí. Màá bọ́ sí méjì ti mìlímítà 14. Ti ọ̀kọ̀ fúnra rẹ̀ ni kò rọrùn: ilé ìtajà tó sún mọ́ mi ní 5/16 nìkan, àwọn tó ń tà á láti òkè òkun sì ń gba owó ẹrù tó ju owó ọ̀kọ̀ lọ nítorí gígùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí n mú tirẹ̀ dání ná títí òun á fi béèrè. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti fi graphite di kòtò lórí igi olóròóró rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bóyá ó dì í mú, kí n tó po epoxy ní Sátidé.