Omi ni kó kọ́kọ́ kan ọkọ̀ dúdú yín, kì í ṣe rágì

Ọkọ̀ dúdú lẹ́wà. Kò sí àwọ̀ mìíràn lára mọ́tò tó wù mí tó o, pàápàá bó bá mọ́ tónítóní tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì tàn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ dúdú ní Àkúrẹ́ yìí mọ ohun tójú ń rí. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku ni. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ pupa ni. Kí ọdún tó yípo, bí ẹ bá gbé e dúró sábẹ́ iná ilé epo lálẹ́, ẹ óò rí i pé àwọn ìlà wínníwínní ti yí iná náà po lójú bọ́nẹ́ẹ̀tì bí òwú aláǹtakùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé oòrùn ló fà á, tàbí pé ọ̀dà ọkọ̀ náà ti gbó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń nu ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́, ni àwọn ìlà yẹn ti ń wá.

Bàbá kan tó ń kun mọ́tò nílùú yìí ló là mí lójú sí i. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tó ti ń fi iná fóònù wo ara jíìpù dúdú kan. Ó ní, "Ọmọ mi, sún mọ́ ibí." Ó gbé iná náà sí àárín ilẹ̀kùn, àwọn ìlà náà yí i ká roboto. Ó gbé e lọ sápá ọ̀tún, òbìrìkìtì náà tẹ̀ lé e. Ó gbé e wálẹ̀, ó tún tẹ̀ lé e. Ó wá ṣàlàyé pé kì í ṣe pé ẹnìkan jókòó, tó ń fi nǹkan ya òbìrìkìtì sára ọkọ̀. Àwọn ìlà náà pọ̀ lọ jàra, wọ́n dojú kọ ọ̀nà gbogbo, àmọ́ àwọn tó bá dábùú iná nìkan ló ń tàn padà sójú wa, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé wọ́n yí iná ká. Ọkọ̀ funfun náà ní in. Àwọ̀ funfun kàn ń bò ó ni. Lára dúdú, ìlà kékeré tó bá ti gba iná, ó ti hàn nìyẹn, àgàgà lára dúdú tí kò ní ohun tó ń dán wínníwínní nínú ọ̀dà rẹ̀.

Ohun tó ń ha kì í ṣe ọ̀dà dúdú gan-an. Lórí ọ̀dà yẹn ni kílíà wà, ìyẹn ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, òun ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ dán, òun náà ló ń gba oòrùn àti òjò dúró. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọn ò tíì tún kùn láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, gbogbo ọ̀dà tó wà lórí irin kì í sábà ju máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 180 lọ (ẹgbẹ̀rún kan máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan), kílíà nìkan sì jẹ́ bíi 40 sí 50 nínú rẹ̀. Ẹ mú ìwé A4 kan tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ẹ fi ìka méjì fọwọ́ kàn án. Bíi máíkírọ́ọ̀nù 100 ni ìwé yẹn nípọn. Gbogbo ohun tó ń dáàbò bo ẹwà ọkọ̀ yín kò ju ìdajì ìwé yẹn lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí ni ojú tí mo fi ń wo ẹni tó bá fẹ́ fi rágì kan ọkọ̀ mi ti yàtọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ń bà lé e lórí. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni eruku ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá láti ibi tí wọ́n ń pè ní Bodélé lórílẹ̀-èdè Chad. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ quartz wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló wà nínú iyanrìn ilẹ̀ wa àti nínú àwọn àpáta tó yí Àkúrẹ́ àti Ìdànrè ká. Lórí ìwọ̀n líle òkúta tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ lọ́dún 1812, quartz wà ní 7. Gíláàsì ò tó bẹ́ẹ̀, bíi 5.5 ni. Ohun tó lè ha gíláàsì, kí ni kílíà fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ojú ọ̀nà tí típà olókùúta ń gbà, ẹ mọ ohun tó ń kù sára ọkọ̀ yín lẹ́yìn tí típà bá ti kọjá.

Nítorí náà, nǹkan àkọ́kọ́ tí mo máa bẹ̀ yín pé kí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró ni nínu eruku ní gbígbẹ. Ó ti mọ́ wa lára jù. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, ẹni tó ń ṣọ́ géètì á ti gbé rágì, á ti nu ọkọ̀ ọ̀gá kí ọ̀gá tó jáde. Iṣẹ́ ìfẹ́ ni, ó sì yẹ ká dúpẹ́. Àmọ́ gbogbo eruku tó sùn sórí ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni rágì yẹn ń wọ́ káàkiri. Ìdọ̀tí á lọ, ìlà á kù. Mo ti bá èyí tó wà nílé wa sọ̀rọ̀ pé, "Bàbá, ẹ ṣé o, ẹ bá mi nu gíláàsì iwájú àti tẹ̀yìn nìkan, kí ẹ sì da omi sí i kí ẹ tó nù ún." Ó kọ́kọ́ rò pé inú ń bí mi. Ìgbà tí mo fi iná fóònù hàn án ló yé e, òun náà ló sì ń ṣọ́ ọ fún mi báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án. Ìyẹ́ tí wọ́n fi ń gbọn eruku kò dára ju rágì lọ. Ìkan náà ni wọ́n. Bí eruku bá pọ̀ tí omi ò sì sí, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Eruku tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í ha nǹkan kan.

Ní ti ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ẹ wo fóòmù tí wọ́n ń lò. Mo mú ọ̀kan rí, mo fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Omi dúdú ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni iyanrìn kù sí mi lọ́wọ́, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún kèrèkèrè láàárín ìka mi. Fóòmù yẹn ti fọ táyà bọ́ọ̀sì kan kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ṣeé ṣe kó ti jábọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n ṣà á, kí wọ́n rì í bọnú ọṣẹ padà. Àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ò ṣe ìkà, iṣẹ́ kíákíá ni wọ́n ń ṣe, ọkọ̀ mìíràn ti ń dúró lẹ́yìn. Bí mo bá débẹ̀ báyìí, ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Àbúrò, bá mi fi máṣíìnì ṣan án dáadáa, da ọṣẹ tó ń hó bò ó, kí o tún ṣan án. Má fi fóòmù kàn án. Owó rẹ pé." Á wò mí tìyanutìyanu. "Ẹ̀gbọ́n, kò ní mọ́ o!" Màá ní kò burú, kó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyókù, èmi ni màá fi nǹkan tèmi ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́ fúnra yín nílé, àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, bó bá gbóná, ẹ dúró. Ọṣẹ tó bá gbẹ lára irin gbígbóná á ṣòroó yọ, omi borehole wa tó ní ohun alumọ́ni nínú á sì kù sára rẹ̀ ní àmì funfun-funfun.

Táyà àti ríìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti aṣọ tiwọn tí kò ní kan ara ọkọ̀ láéláé, torí irin wẹ́wẹ́ tó ń ti ara bíréèkì jáde wà lára ríìmù. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣan gbogbo ara ọkọ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ẹ ò gbọ́dọ̀ kánjú. Bí ẹ bá ní máṣíìnì omi, ó dáa, ẹ má ṣáà gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ọ̀dà jù. Bí ẹ ò bá ní in, pọ́ǹpù tí àwọn olóko kòkó fi ń fín oògùn lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, èyí tó jẹ́ tuntun o, tí oògùn kankan ò tíì wọ inú rẹ̀. Ẹ po ọṣẹ mọ́tò sínú rẹ̀, ẹ fín in sí gbogbo ara ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìjẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá ṣan án. Ẹ wo omi tó ń ṣàn lọ nílẹ̀. Gbogbo pupa tó wà nínú rẹ̀ ni ì bá wà lábẹ́ ọwọ́ yín.

Ẹ̀yìn èyí nìkan ni ọwọ́ tó kan ọkọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni ẹ máa nílò. Ọṣẹ wà nínú ọ̀kan, omi lásán wà nínú èkejì. Ìbọ̀wọ́ ìfọkọ̀ tó nírun, èyí tí wọ́n fi microfibre, ìyẹn òwú wínníwínní tó rọ̀, ṣe, ló dáa jù, torí pé irun rẹ̀ ń gbé iyanrìn wọlé kúrò lójú ọ̀dà. Ẹ rì í bọnú ọṣẹ, ẹ fi fọ òrùlé. Kí ẹ tó padà sínú ọṣẹ, ẹ kọ́kọ́ ṣan án nínú omi lásán. Lẹ́yìn òrùlé, gíláàsì, bọ́nẹ́ẹ̀tì, búùtù, ìdajì òkè ilẹ̀kùn. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti bọ́ńpà ẹ̀yìn ló máa kẹ́yìn, ibẹ̀ ni iyanrìn pọ̀ sí jù. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ fà á lọ gbọọrọ, ẹ má fi yí po. Bó bá jábọ́ sílẹ̀, kò tún kan ọkọ̀ lọ́jọ́ náà mọ́. Bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fẹ́ràn láti máa sọ pé ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ju ibòmíràn lọ.

Ọṣẹ ìfọṣọ kò yẹ ọkọ̀ yìí. Ó máa ń bó wáàsì, ìpara tó ń dáàbò bo kílíà, tí ẹ ti fi pa á lára. Kẹrosíìnì tí àwọn kan fi ń nù ún kó lè dán, eruku ló ń pè. Kí ẹ tó dé Ọjà Ọba láti Alágbàká, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ ẹ́, ẹ lo táwẹ̀lì microfibre ńlá tó nípọn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó mumi, kí ẹ rọra fà á sọ́dọ̀ yín. Singlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ fọ táwẹ̀lì náà lọ́tọ̀, ẹ má pò ó mọ́ aṣọ òwú, ẹ má sì lo ohun tí ń mú aṣọ rọ̀ sí i. Nígbà ọyẹ́, inú ilé ni kí ẹ sá a sí.

Ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti aláǹgbá ń jẹ kílíà, oòrùn sì ń mú kó tètè jẹ ẹ́. Ẹ má fi èékánná ha á. Ẹ rẹ aṣọ sínú omi, ẹ tẹ́ ẹ lé e, ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi rọ̀, kí ẹ wá gbé e sókè pẹ̀lú aṣọ náà. Aṣọ ìbomọ́tò tí ọ̀pọ̀ ń rà nítorí àwọn ẹranko wọ̀nyí dára bí ọkọ̀ bá mọ́, tí ibi tó wà ò sì ní afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fi bo ọkọ̀ eléruku, tí atẹ́gùn wá ń mì í láti àárọ̀ di alẹ́, iṣẹ́ tí rágì ń ṣe náà ló ń ṣe.

Wáàsì ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní carnauba, lára ewé ọ̀pẹ kan ní Bùràsíìlì ni wọ́n ti ń rí i. Lábẹ́ oòrùn wa yìí, ẹ má retí pé yóò pẹ́ ju oṣù kan sí méjì lọ. Bí omi bá ń ṣù róbótó-róbótó lójú ọkọ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Bí omi bá ń tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ó ti tán. Séráámíìkì, ohun olómi tí wọ́n ń fi pa ara ọkọ̀ tó sì ń le sórí kílíà, ń pẹ́ jù ú lọ, ọdún kan sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí kì í sì í tètè lẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí olùtà kankan sọ fún yín pé ọkọ̀ tó ní séráámíìkì kò lè ní ìlà. Rágì eléruku á ha á bákan náà.

Àwọn ìlà tó ti wà níbẹ̀ ńkọ́? Kọ́ḿpáùndì, ìyẹn ìpara tó ń ha nǹkan díẹ̀díẹ̀, àti máṣíìnì tí wọ́n fi ń yí i lójú ọkọ̀ ló lè mú wọn kúrò, bó sì ṣe ń mú wọn kúrò ni pé ó ń fá kílíà náà títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ ìlà. Ẹ rántí ìdajì ìwé A4 yẹn. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń ṣe ní Kérésì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ fọ ọkọ̀ náà dáadáa kí ẹ tó gbé e lọ. Ẹ sọ ibi tí wọ́n bá ti tún kùn rí fún ẹni tó fẹ́ ṣe é, kí ó fi téèpù bo àwọn etí ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí ibẹ̀ ni kílíà ti fẹ́lẹ́ jù. Kí ó fi kọ́ḿpáùndì tó rọra jù lọ bẹ̀rẹ̀, lójú ibì kan tí kò tóbi lórí búùtù, kí ẹ jọ gbé e síta wò nínú oòrùn, kí ó tó fọwọ́ kan ibi tó kù.