Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára David Alaba: ẹ ní ipò kan ná, kẹ́ ẹ tó ní mẹ́ta

Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá bi ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù pé "ipò wo lò ń gbá?", púpọ̀ nínú wọn á ní "ibi tẹ́ ẹ bá fi mí sí, sà." Ìdáhùn yẹn ń pa wọ́n lára. David Alaba, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Austria, ni mo fi kọ́gbọ́n. Vienna ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1992, àmọ́ ọmọ Ògèrè Rẹ́mọ ni bàbá rẹ̀ (ẹni tó bá tẹ̀lé Ìdòwú là ń pè ní Àlàbá).

Ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni. Nọ́ńbà 3 (adìlémú apá òsì) ló ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Bayern Munich, ibẹ̀ ló sì wà nígbà tí wọ́n gba ife mẹ́ta pọ̀ ní 2013. Nígbà tó yá, àwọn adìlémú àárín fara pa, wọ́n fà á wọ àárín ẹ̀yìn, ó dúró ti Jérôme Boateng tí wọ́n jọ di ibẹ̀ mú, wọ́n tún gba mẹ́ta ní 2020. Ní ikọ̀ Austria, àárín pápá ni wọ́n sábà ń lò ó nígbà náà.

Ibi tí nọ́ńbà 3 tó bọ́ sí àárín ẹ̀yìn ti ń ṣìṣe gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Ó ti mọ́ ọn lára pé ìlà etí pápá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣọ́. Bí ọ̀tá tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ pápá bá gba bọ́ọ̀lù, á sá tẹ̀ lé e lọ sétí pápá, ihò ńlá á sì ṣí sílẹ̀ níwájú aṣọ́lé. Tàbí kó dúró sẹ́yìn ẹnì kejì rẹ̀ ní mítà méjì péré, ọ̀tá tó bá yọ́ sẹ́yìn ẹnì kejì yẹn kò ní bọ́ sí ofsáìdì mọ́. Ẹ dúró níwájú góòlù, ní ìbú òpó méjèèjì, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà 3 lọ sétí pápá, kẹ́ ẹ sì máa bojú wẹ̀yìn láti èjìká méjèèjì kí bọ́ọ̀lù tó dé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa fi kọ́ra nìyí: ẹ sàmì sí mítà 15 ní 15, ènìyàn mẹ́rin ní igun, ẹnì kan láàárín. Kí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹni àárín gbé ìka sókè kí pàásì tó kúrò lẹ́sẹ̀. Ẹni àárín gbọ́dọ̀ pe iye ìka náà kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù... àní kó tó fẹsẹ̀ kàn án. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìsinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Iṣẹ́ àtijọ́ kì í ṣòfò o. Ní Camp Nou, pápá Barcelona, 24 Oṣù Kẹwàá 2021, àárín ẹ̀yìn Real Madrid ni Alaba wà tó fi gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ Depay ti Barcelona nítòsí góòlù tirẹ̀. Kò dúró. Ó gba apá òsì sáré bíi nọ́ńbà 3 tó ti jẹ́ rí, Rodrygo, ọmọ ikọ̀ rẹ̀, gbá a sí i, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a wọ igun jíjìn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ sọ ọ́ báyìí: "Nọ́ńbà 3 ni mí, sà. Bí ẹni tó ń gbá nọ́ńbà 6, ní àárín ẹ̀yìn, bá fara pa, mo mọ̀ ọ́n gbá."